Rípọ́ọ̀tù Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé

Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tó ṣí sílẹ̀ ni obìnrin kan gbé já wọ yàrá àwọn tó ń ṣírò ọjà títà, bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Bírò ló fi há irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ta ni olórí ibí?"

Ọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé gbójú sókè. Ẹwà obìnrin náà mú un dìde kó tó fèsì. "Èmi ni. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mi ò rí àárọ̀ kankan tí ẹ ń kí mi. Ẹ wo ohun tó kọ síbí: àkókò ti tán. Ojoojúmọ́!"

Obìnrin náà ló ń ka oògùn inú ilé ìkẹ́rùsí. Láràárọ̀, rípọ́ọ̀tù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fa iye tuntun wá láti orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò, kí àwọn awakọ̀ tó kó oògùn lọ sáwọn ilé ìwòsàn. Bí kò bá ti wọlé, iye àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ilé ìwòsàn kan ti torí ẹ̀ dá àwọn alátọ̀gbẹ padà lọ́wọ́ òfo.

"Rípọ́ọ̀tù yín ló wúwo," ni ọkùnrin náà sọ. Ó tún un sọ nípàdé, lójú ọ̀gá. Obìnrin náà gé rípọ́ọ̀tù rẹ̀ títí ó fi ku egungun, síbẹ̀ kò wọlé.

Wọ́n wá ń jà lórí fóònù láràárọ̀.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Bó bá wọlé, kí ni màá fi yín ṣe?"

"Ẹ ṣì lè máa pè mí."

Obìnrin náà pa fóònù, ó sì rẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín. Nílé, "alákọrí" ló máa ń pe ọkùnrin náà, títí ìyá rẹ̀ fi bi í pé, "Ṣé alákọrí yìí ò lórúkọ míì ni?"

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà yẹ rípọ́ọ̀tù tirẹ̀ wò. Láràárọ̀, ní wákàtí kan náà pẹ̀lú ti obìnrin náà, ó ń fa gbogbo ọjà tí wọ́n ti tà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló dí sáfà pa. Ó lè tún un ṣe kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Àmọ́ ó dìde nípàdé.

"Tèmi ló ń dí tiwọn lọ́wọ́. Mo purọ́ mọ́ wọn láìmọ̀."

Ó tún rípọ́ọ̀tù tirẹ̀ ṣe kó máa fa kìkì ọjà tuntun, ó sì sún wákàtí rẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ kejì, rípọ́ọ̀tù obìnrin náà wọlé kó tó jókòó dáadáa.

"Inú ṣì ń bí mi," ni obìnrin náà wí fún un.

"Ẹ jẹ́ kó máa bí yín lọ́dọ̀ mi."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra nìyẹn, àmọ́ ìyá obìnrin náà ò kọ́kọ́ gbà. "Alákọrí yẹn náà?" Nígbà tí ọkùnrin náà wá kí wọn nílé, ìyá wò ó títí. "Bí ọmọ mi bá tún bínú sí ẹ ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe, mà."

Ìyá fa àga sún mọ́ ọn.

Oṣù ń gorí oṣù, ọkùnrin náà ò mẹ́nu ba ìgbéyàwó. Nígbà tó sú obìnrin náà, ó dá a dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́.

"Kí lò ń dúró dè?"

"Mi ò fẹ́ kán ẹ lójú ni."

"O ti yọ mí lẹ́nu tó. Béèrè."

Ó béèrè.

"Màá fẹ́ ẹ," ni obìnrin náà sọ, pẹ̀lú ojú líle, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.