Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà Tán

Orí àga ìkàwé rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú Akíndélé Fáníyì ní Samaru, ní Zaria, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ife kunu kan wà níwájú rẹ̀, májèlé wà nínú rẹ̀. Bébà kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wà lórí tábìlì:

"Ẹ̀gbọ́n mi, má sunkún. Ìwé mi ti dójú tì mí. Èmi ni mo pa ara mi. Sọ fún wọn kí wọ́n má wá ẹnikẹ́ni. Dárí jì mí."

Lójú gbogbo ayé, ẹjọ́ ti parí. Ọdún mẹ́fà ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì yìí fi kọ ìwé ìtàn kan ṣoṣo, ìwé náà sì já àwọn tó rà á kulẹ̀. Dókítà agbéraga kan ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà: èmi báyìí, èmi bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kéèyàn mí. Èyí tó burú jù, ń ṣe ló ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ìyá mi, wá jẹun. Ṣé o gbọ́?" Ta ló máa fara mọ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ fún igba ojú ewé?

Monísọ́lá, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí ẹní ló jókòó sí nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Simbiat Ìpàdéọlá wọlé.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò ní sin ẹni tó pa ara rẹ̀," ni arúgbó náà wí. "Àwọn ará ilé ní kò ní sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ọmọ mi, bí kì í bá ṣe òun ló ṣe é, bá mi wá ẹni náà."

"Ìgbà wo lẹ bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, Màmá?"

"Ọjọ́ Àìkú, lórí fóònù. Mo ní ìwé rẹ̀ sú mi, ojú ewé kẹwàá ni mo ti pa á dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán. Ẹ ó rí ìdí tí ọkùnrin yẹn fi ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.'"

Ẹkún gbà á. Dókítà Tóbilọ́ba Adédàpọ̀ gbé omi wá fún un. Ọ̀rẹ́ olóògbé ni, ọmọ tí wọ́n bí sí Zaria, tó ní ilé ìwòsàn kékeré lọ́nà Bomo.

"Sannu, Màmá," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mu omi. Fara balẹ̀."

Simbiat bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Jemima, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó sì ń ṣe kunu tà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo gbé e wá nírọ̀lẹ́ àná, mà. Ife méjì ni Bàbá ní kí n bu. Wọ́n ní àwọn ń retí àlejò."

Ife kan ni wọ́n bá lórí tábìlì. Simbiat wo ilé ìdáná. Ìkejì wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé.

Ọ̀mọ̀wé Oyèládé, tó fi ìwé náà ṣẹ̀sín nínú ìwé ìròyìn, kò bẹ̀rù. "Mo kọ ọ́ pé kí òǹkọ̀wé tí kò mọ 'o' yàtọ̀ sí 'ẹ' padà sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A jà, òótọ́ ni. Mi ò fún un ní májèlé."

"Ẹ kà á tán?"

"Ta ló lè kà á tán? Ojú ewé ọgbọ̀n ni mo dé."

Dókítà Adédàpọ̀ mi orí. "Èmi ò tilẹ̀ kọjá ogún. Wallahi, kò sẹ́ni tó lè ní sùúrù dé ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti kú."

Simbiat lọ ka ìwé náà. Inú ń bí i, ó ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó ní kí Monísọ́lá kó àwọn lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ ti kọ sí i láti ọgbọ̀n ọdún wá. Ó kà wọ́n pẹ̀lú. Ọmọ Zaria lòun náà, Hausa, tí wọn kì í fi 'ẹ' bá àgbà sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rántí ìfọ́tí tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó pè wọ́n jọ sí pálọ̀ olóògbé.

"Nínú gbogbo lẹ́tà yìí, 'ẹ' ni Akíndélé ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò ṣì í sọ rí. Ṣùgbọ́n bébà orí tábìlì ní 'má sunkún', ó ní 'sọ fún wọn'. Ohùn ọkùnrin inú ìwé nìyẹn. Òǹkọ̀wé mọ ohun tó ń ṣe. Ẹnì kan tó wà láàyè ló ń sín jẹ." Ó yíjú. "Dókítà, ẹ ní 'Màmá, mu omi.' Ẹ sì ní ẹ ò kọjá ojú ewé ogún. Ojú ewé ogóje ni ọmọbìnrin náà kú."



"Dókítà inú ìwé fi ọmọ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ síbi àríyá," ni Simbiat ń bá a lọ. "Nígbà tó kú, ó dáná sun fáìlì rẹ̀, ó kọ òmíràn."

Adédàpọ̀ jókòó. "Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Mo ní kó bá mi gbàdúrà. Ó fi mí kọ ìwé! Mo bẹ̀ ẹ́ kó kó o kúrò lọ́jà, ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún ìyá ọmọ náà. Nígbà tó wọ yàrá lọ, mo da májèlé sínú ife rẹ̀. Atalẹ̀ inú kunu bo ìkorò rẹ̀. Mo fọ ife tèmi, mo tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á kà á débẹ̀."

"Kò sẹ́ni tí ì bá kà á débẹ̀," ni Oyèládé wí, ojú sì tì í bó ṣe sọ ọ́.

Adédàpọ̀ kúnlẹ̀ síwájú arúgbó náà. "Màmá," ó wí, "dárí jì mí."

Títí dé ibẹ̀, kò rántí fi 'ẹ' sí i.

Wọ́n sin Akíndélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, àlùfáà sì gbàdúrà sí i lórí. Nígbà tí èrò tú ká, Monísọ́lá fi awò sójú, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé kọkànlá.

"Mò ń kà á, àbúrò mi," ó wí. "Má bínú pé mo pẹ́."