Kọ̀ǹpútà Tó Wú Lábẹ́ Ìdì Aṣọ

Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti ga. Jàmíátù àti ọmọ rẹ̀, Àdìzátù, dúró níwájú tábìlì ọkùnrin kan ní oríta Godomey. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ló kún orí tábìlì náà, wọ́n sì fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pinpin.

Àdìzátù yege ìdánwò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé bó bá yege, òun yóò ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi gbá géèmù bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun nìkan ló sì kù fún Jàmíátù nínú ọmọ mẹ́ta. Nítorí náà, nǹkan kékeré a máa já ìyá náà láyà.

"Àlàájà, ẹ wo èyí," ni ọlọ́jà wí. "Ẹ̀rọ géèmù gidi ni. Bí ẹ bá tan án, iná pupa á máa tàn lábẹ́ bọ́tìnì rẹ̀."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà o. Ta ló sọ mí di Àlàájà?"

"Ẹ̀dínwó tí mo máa ṣe fún yín lónìí ló máa gbé yín débẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdìzátù ní: "Bùrọ̀dá, ẹ tan án ká wò ó."

"Bí mo bá ya ọ̀rá yìí, ẹ ti rà á nìyẹn. Ta ló tún máa ra èyí tí mo ti ya ọ̀rá rẹ̀?"

Aṣọ ni Jàmíátù ń tà ní ọjà Ganhi. Òun náà kì í jẹ́ kí oníbàárà tú ìdì aṣọ kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà yé e bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà wò, ó wúwo lọ́wọ́ bí aṣọ tó dáa. Ó sanwó. Kò gba ìwé kankan.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni inú wọn fi dùn. Bọ́ọ̀lù inú géèmù náà ń wọ́ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń gbóná débi pé Àdìzátù ń fi àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e lé itan. Ní ọjọ́ kẹrin, ìdérí rẹ̀ kò pa dé mọ́.

"Ìyá, ikùn rẹ̀ wú."

"Ó wú báwo?"

"Ẹ wá wò ó."

Jàmíátù wò ó láti òkèèrè. Ó pe nọ́ńbà tí ọlọ́jà sọ fún un, kò lọ. Ó fẹ́ bi aládùúgbò kan léèrè, ó tún rò ó pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín, ó bá dákẹ́. Nídìí iṣẹ́ aṣọ, ohun tó bá wú, ẹrù la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó sì to ìdì àǹkárá mẹ́rin lé e lórí.

"Àdìzá, jókòó lé e. Kó lè tètè rọlẹ̀."

Ọmọ náà jókòó lé e, ó ń mi ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ni Tèmítáyọ̀ wọlé. Obìnrin yìí ló ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tiwọn. Aṣọ ló wá yẹ̀ wò.

"Ìyá Àdìzátù, ẹ káàsán o. Òórùn kí lèyí? Ó dà bí omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná."

"Aṣọ tuntun ni."

"Aṣọ tuntun kì í rùn báyìí."

Àdìzátù ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà mi là ń lọ̀. Ó wú ni."

Tèmítáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àdìzátù, dìde. Jẹ́jẹ́. Má fò o."

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde ná, Ìyá."

Ọmọ náà jáde. Àwọn méjèèjì rọra gbé ìdì aṣọ náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmítáyọ̀ gbé pákó náà tòun ti kọ̀ǹpútà orí rẹ̀, ó rọra gbé e lọ sórí òkìtì yanrìn tí àwọn mọlémọlé dà síta. "Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn!"

Kò tó àsìkò tí èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Èéfín funfun yọ lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó súfèé fíìì, iná sì bú jáde. Mọlémọlé kan fi ṣọ́bìrì da yanrìn bò ó, iná náà tún ń yọ láàárín yanrìn kó tó kú.

Jàmíátù di ẹ̀yìn aṣọ ọmọ rẹ̀ mú. Kò lè tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó jókòó lé e," ló ń wí. "Ẹnu èmi yìí."

"Ìyá, bátìrì kì í ṣe aṣọ," ni Tèmítáyọ̀ wí. "Bó bá ti wú, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lè ya, iná á sì jáde."

"Kí ló mú un wú?"

"Bátìrì náà ti gbó, ooru tún wá pọ̀ jù fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ni wọ́n tà fún yín. Iná pupa yẹn, ọ̀ṣọ́ ni. Kò fi kún agbára rẹ̀."

"Ṣé kí n má rà á fún un mọ́ ni?"

"Ẹ lè rà á. Ẹ sáà mú mi dání."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó kékeré lè ra kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbá géèmù. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ orúkọ géèmù tí ẹ fẹ́ sórí ìwé, àti irú ẹ̀rọ tó lè gbé e. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ní káàdì àwòrán tirẹ̀, torí òun ló ń ru ẹrù géèmù. Ẹ bèèrè bí mẹ́mórì rẹ̀ (RAM) ṣe tó; gígábáìtì mẹ́jọ (8GB) ni kó kéré jù. Bí owó kò bá ká a, ẹ yan géèmù tó fúyẹ́.

Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú: bó bá ń mì, tàbí tí ìdérí rẹ̀ kò pa dé dáadáa, bátìrì rẹ̀ lè ti wú, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ tan án. Ẹ gbá géèmù náà lójú ọlọ́jà títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Kí ẹ sì gba ìwé tí orúkọ ọlọ́jà náà àti ibi tó ti ń tajà wà lórí rẹ̀. Nílé, orí tábìlì ni kẹ́ ẹ máa lò ó, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Bí bátìrì bá wú, ẹ yọ ṣájà kíá, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má dà á mọ́ pàǹtí. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí èéfín bá ti ń yọ, ẹ kó ọmọ yín jáde, kí ẹ pe panápaná. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rín aládùúgbò dákẹ́.

Ọlọ́jà tó bá sì ní kí ẹ má dán ọjà òun wò, ó ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.