Aṣọ Funfun Tí Mákárì Gbé Lọ́wọ́

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá inú tìréènì ni ẹnì kan ti fi ìwé pélébé yìí lé ọ lọ́wọ́, bóyá ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni. Má tíì kì í bọ àpò. Ìtàn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Náṣídì, àgbẹ̀ tí ó ń gbin èso pómégíránétì ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Manfalútì. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Síbẹ̀ ó fẹ́ pa ènìyàn.

Ẹni tí ó fẹ́ pa ni Mákárì, tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà. Nítorí omi tí ó ń wọ oko ni Mákárì ṣe la ọkọ́ mọ́ Rámísì, àbúrò Náṣídì, lórí. Rámísì kò délé láàyè. Ìjọba fi Mákárì sẹ́wọ̀n ọdún méje, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ìjọba kò mọ̀ wá.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n pa ènìyàn rẹ̀ kì í jẹ́ kí a bá òun kẹ́dùn títí yóò fi gbẹ̀san. Náṣídì sin àbúrò rẹ̀ tán, ó ti ilẹ̀kùn, kò gbé àga kankan síta fún àwọn olùkẹ́dùn. Ó búra pé òun kò ní fá irùngbọ̀n òun títí ọjọ́ tí Mákárì bá kú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ṣẹ̀ lè gbà bọ́. Yóò bọ́ bàtà, yóò ṣí fìlà, yóò tẹ́ aṣọ òkú ara rẹ̀ sórí apá méjèèjì, yóò sì gbé e lọ bá àwọn tí ó ṣẹ̀, kí wọ́n pa á tàbí kí wọ́n dá a sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn àgbà wá sọ fún Náṣídì pé àwọn ará ilé Mákárì fẹ́ kí ó gbé aṣọ náà wá bí ó bá ti jáde lẹ́wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lé wọn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn sí i. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó ń tì í. Níbi ìgbéyàwó kan, nígbà tí ó fẹ́ jókòó tì wá, mo ní, "Náṣídì, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni àga ẹ wà. Rámísì ṣì ń retí ẹ níbi tó sùn sí." Gbogbo wa fi í rẹ́rìn-ín. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó lọ sílé, ó lọ pọ́n ọ̀bẹ.

Oṣù tí à ń ká pómégíránétì ni wọ́n dá Mákárì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Awátéfù, ìyàwó Náṣídì, wá bá a.

"Bàbá Abanúbì, kókó kan wà lọ́mú mi. Kì í dùn mí, àmọ́ kò lọ."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ná," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó mú ọ̀bẹ, ó jáde.

Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń jókòó sí ẹ̀bá odò kékeré tí a ń fi bomi rin oko, láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí ó ń ṣọ́ Mákárì. Oko rẹ̀ ń bàjẹ́, kò bìkítà. Nígbà tí ó fi máa gbọ́ pé ìlú Asíyútì ni Mákárì àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ láti ọjọ́ tó ti jáde, kókó ọmú Awátéfù ti tó ẹyin ẹyẹlé.

Jẹjẹrẹ ni. Dókítà obìnrin tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní Asíyútì bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Awátéfù wo ọkọ rẹ̀ fìrí. Ó ní, "Iṣẹ́ oko ló dí wa lọ́wọ́, dókítà."

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọn yóò fa oògùn sí i níṣan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo nípa Náṣídì: ó tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá kàn wọ́n, òun ni ó ń mú un wọ tìréènì, òun ni ó ń gbé abọ́ fún un bì sí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ bó tí kò lè jẹ búrẹ́dì mọ́, ó ń fún omi pómégíránétì fún un, ó ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irun rẹ̀ ń já, òun ni ó fá èyí tó kù.

"Tèmi ti lọ," ni Awátéfù wí, ó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀, "tiyín sì ń gùn sí i bíi ti ewúrẹ́. Ẹ gé díẹ̀ fún mi níbẹ̀."

"O mọ ìdí tí mi ò fi lè gé e," ni Náṣídì wí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu obìnrin náà.

Ọkùnrin kan wà ní ọsibítù náà tí ó ń jẹ́ Bísáyì, òun ni ó ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́. Àgbà ìjọ ni, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Jésù. Òun àti Náṣídì a máa mu tíì pọ̀. Lọ́jọ́ kan Náṣídì sọ fún un pé nǹkan méjì ni òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí Ó wo Awátéfù sàn, kí Ó sì fi Mákárì lé òun lọ́wọ́.

Bísáyì gbé ife tíì sílẹ̀. "Àbúrò mi, o na ọwọ́ méjèèjì sí Ọlọ́run. Ọ̀kan ń tọrọ ìyè, ọ̀kan ń tọrọ ikú. Èwo lo fẹ́ kó kọ́kọ́ dáhùn?"

"Èyí tó bá yá níbẹ̀."

"Ṣọ́ra o. Ó lè gbọ́."

Ó gbọ́.

Ọjọ́ tí ó gba oògùn ìgbà karùn-ún ni. Awátéfù wà nínú yàrá, oògùn ń kán sí i lára. Náṣídì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń fi ọ̀bẹ rẹ̀ la pómégíránétì. Ìgbà tí ó gbé ojú sókè, Mákárì ni ó rí tí ó ń bọ̀. Kò wọ bàtà. Kò dé fìlà. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, aṣọ funfun kan sì wà lórí apá rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọ ìlú wa kankan tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ayọ̀ tí ó gba ọkàn Náṣídì, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun pàápàá. Ọdún mẹ́jọ. Ó dìde, omi pupa èso náà ń kán láti ẹnu ọ̀bẹ.

"O pẹ́ kó o tó dé," ó wí. "Mo kọ̀ ọ́. Gbé aṣọ òkú ẹ kúrò níwájú mi, o sì mọ ohun tó kàn tí mo bá ti kọ̀ ọ́."

Mákárì dúró. Kò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Náṣídì wà níbẹ̀. Ó wo Náṣídì, ó wo ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ó wo aṣọ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Aṣọ òkú kọ́," ó wí. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì Dimiyánà ìyàwó mi ni. Ó bì sórí ẹ̀, ó bì sínú bàtà mi náà. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn. Aṣọ ti gbẹ, bàtà ni ò tíì gbẹ." Ó gbá aṣọ náà mọ́ra. "Náṣídì, mi ò ní sá fún ẹ. Àmọ́ orí fóòmù lásán ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ fún un. Màá jáde wá bá ẹ."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ yàrá. Náṣídì tẹ̀lé e, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì Dimiyánà kò jìnnà sí àga tí Awátéfù jókòó sí. Jẹjẹrẹ ti mú obìnrin náà gbẹ bí igi ìdáná. Awátéfù wo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò yà á lẹ́nu. Láti ìgbà kejì tí Awátéfù wá gba oògùn ni àwọn obìnrin méjèèjì ti mọ ara wọn, wọ́n sì ti jọ pinnu pé àwọn kò ní sọ fún ọkọ àwọn.

"Bàbá Abanúbì," ó wí jẹ́jẹ́, "tẹ́ ẹ bá máa pa á, ẹ tètè ṣe é. Aago mẹ́rin ni tìréènì wa. Àbí ta ló máa mú mi lọ sílé lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti mú yín?"

Náṣídì wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí dókítà bi wá pé kí ló dé tá a fi pẹ́, mo parọ́ nítorí yín. Mi ò tún parọ́ mọ́. Mákárì ló pa Rámísì. Èmi tí mo jókòó síbí, ta ló ń pa mí?"

Mákárì ń gbìyànjú láti tẹ́ aṣọ náà, kò ṣe é ṣe. Tí ó bá gbé ìyàwó rẹ̀ sókè, kò sí ọwọ́ tí yóò fi fa aṣọ, tí ó bá fa aṣọ, orí obìnrin náà á yẹ̀. Náṣídì dúró, ó ń wò ó. Ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ó ti ṣe é lálẹ́ àti lọ́sàn-án nílé tirẹ̀.

Ó gbé ọ̀bẹ sórí fèrèsé. Ó lọ di etí kejì aṣọ náà mú, ó sì fà á.

Kì í ṣe ìdáríjì nìyẹn o. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun kàn ṣe é ni, inú òun ṣì ń hó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, Bísáyì bá a nílẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Mo ń ṣọ́ Mákárì lọ́nà, ẹ̀gbọ́n," ni ó ń wí, "mo ń ṣọ́ ọ, ìyàwó mi sì ń kú lọ nílé. Ọwọ́ mi náà ti ní ẹ̀jẹ̀. Ta ni màá gbé aṣọ òkú tèmi lọ bá?"

Bísáyì jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Nínú àṣà wa, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń gbé aṣọ òkú. Àmọ́ Ọlọ́run la ṣẹ̀, Ọmọ rẹ̀ ló sì wá bá wa láìwọ bàtà. Wọ́n pa á, wọn ò dá a sí. Aṣọ òkú tó yẹ ká wé mọ́ ẹ ni wọ́n wé mọ́ Jésù. Ìgbà tó jíǹde, ó fi í sílẹ̀ sínú ibojì. Ìwọ ò ní aṣọ kankan láti gbé mọ́, Náṣídì. Sáà wá."

Náṣídì wá. Lórí ilẹ̀ yẹn, pẹ̀lú omi pómégíránétì lọ́wọ́, ó jẹ́wọ́ ìkórìíra rẹ̀, ó sì bẹ Jésù pé kí Ó gba òun. Òun àti Awátéfù bá tìréènì aago mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì ó fá irùngbọ̀n rẹ̀. Awátéfù fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Àṣé ọkọ mi ṣì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀."

Dimiyánà kú nígbà òtútù. Wọ́n gbé e wálé sin, Mákárì sì gbé àga síta. Gbogbo wa ń dúró wo ẹni tí yóò wá. Náṣídì ni ó kọ́kọ́ dé. Mákárì bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sì gbé aṣọ kan jáde lórí apá méjèèjì, aṣọ òkú gidi lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀. Náṣídì gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó fà á dìde. Ó jókòó tì í, ó sì yíjú sí wa. "Ẹ bá wa kẹ́dùn," ó wí. "Ẹ bá òun kẹ́dùn Dimiyánà, kí ẹ sì bá èmi kẹ́dùn Rámísì."

Èmi ni mo ti kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà níbi ìgbéyàwó yẹn. Nígbà tí ó kàn mí láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mi ò lè gbé ojú sókè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni èmi náà lọ bá Bísáyì.

Awátéfù ṣì wà. Ó gba ẹ̀ẹ̀mẹjọ tán, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń lọ fojú han dókítà. A kò mọ ohun tí wọn yóò rí nígbà tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú tìréènì, tọkàntara, ohun kan ṣoṣo ni ó sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí ńkọ́? Mi ò ní sọ fún ọ pé ẹ̀san kò dùn. Ó dùn, èmi náà ti tọ́ ọ wò. Ta ni ò ń ṣọ́ lọ́nà? Ta ló wà nílé rẹ tí ó ti ń sọ̀rọ̀, tí o kò gbọ́? Oṣù mẹ́ta tí Náṣídì fi jókòó sẹ́bàá odò yẹn, Jésù dárí rẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè dá oṣù mẹ́ta náà padà fún Awátéfù. Má sọ pé, "Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ná." Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó bọ́ sílẹ̀ nínú tìréènì tàbí kí o tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ké pe Jésù, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, kí o sì padà sílé lọ di etí kejì aṣọ náà mú.