Ọwọ́ Tó Wà Lọ́fun Rótìmí

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Rótìmí, ẹni tó ń ta páànù ní Shango, ní Minna. Ó sanra, ó sì fi ń yangàn. "Ìdílé wa kì í bí tín-ín-rín," ni ó máa ń wí. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, sanra bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ náà sanra. Àwọn méjèèjì ló sùn tí wọn kò jí mọ́.

Èyí ni Rótìmí kì í fẹ́ gbọ́. Bó bá ti sùn, á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, á dà bí ẹni pé wọ́n fún un lọ́rùn, á sì ta gìrì jí, òógùn á bò ó. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Ó gbà pé ayé ń lépa ìdílé wọn, ó sì so ońdè mọ́ ìbàdí. Ońdè wo ló mọ ọ̀nà ọ̀fun? Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i.

Aya rẹ̀ ti kú. Màmá Fọláwùnmí, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Rótìmí sùn lọ lórí àga. Nígbà tó ta gìrì jí, ọwọ́ ìyá arúgbó náà ló bá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń fún mi lọ́rùn!" ó pariwo. "Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi!"

"Haba, Rótìmí! Èémí rẹ ló dúró. Bí mo ṣe máa ń jí bàbá rẹ náà nìyẹn."

Kò gbọ́. Ó pè é ní àjẹ́ lójú gbogbo àdúgbò, ó sì ju ẹrù rẹ̀ síta. Ìyá náà lọ háyà yàrá kan ní Kpakungu. Kò ṣépè.

Kò wá sí ẹni tí yóò jí Rótìmí mọ́. Kò pẹ́, lójú ọ̀nà Tayi Village, oorun gbé e lọ nídìí ọkọ̀, ó sì kọlu ògiri.

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. "Ọ̀gá, ẹnikẹ́ni kọ́ ló ń fún yín lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá sùn, ọ̀nà ọ̀fun yín ló ń dí. Ara tó máa ń tètè sanra, ọ̀fun tó máa ń há, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan o, oúnjẹ àti ìjókòó ojú kan ń dá kún un. Ẹ̀rọ kan wà tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú ẹni tó bá ń sùn. Kẹ́ ẹ tó rí i gbà, kí ẹnì kan máa jí yín."

Rótìmí rántí ọwọ́ ìyá náà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ọlánípẹ̀kun ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà tó jẹ́ onígbàgbọ́, jókòó tì í. "Sísanra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Rótìmí. Irọ́ tí o pa mọ́ ìyá yẹn, ìgbéraga rẹ, ońdè tí o gbẹ́kẹ̀ lé, ìwọ̀nyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí wọn ni Jésù ṣe kú. Ronú pìwà dà, kí o sì lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí."

"N óò lọ ní Sátidé." Ojú ló ń tì í.

Nígbà tó dé Kpakungu ní Sátidé, Nàímátù, ìyàwó onílé, jáde sí i. "Sannu, Bàbá. Àná làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sin ìyá. A pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù. Ojoojúmọ́ ló máa ń béèrè pé ta ló ń jí yín."

Rótìmí wó lulẹ̀ ní àgbàlá náà. Ó já ońdè ìbàdí rẹ̀ sọnù, ó sì sunkún bí ọmọdé. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú fún mi!"

Olúwa gbọ́ ọ. Lónìí, Rótìmí ń fi ẹ̀rọ sùn, ó sì ń ròyìn Jésù fún àwọn tó ń wá ra páànù. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ìbéèrè ìyá náà kò tíì fi òun sílẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ara tí a jogún kò sí ní ìkáwọ́ wa, ṣùgbọ́n ìrònúpìwàdà wà ní ìkáwọ́ rẹ. Má dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù, yóò gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.