Sítóòfù Tí Sọ̀fíyàt Kọ̀ Láti Tàn

Àárín sítóòfù ni Qamardeen ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtamaga, Ìkòròdú, ó ń fa òwú tuntun sínú sítóòfù, dúdú èéfín ti kùn án nímú, síbẹ̀ ẹwà rẹ̀ kò fara sin rárá. Qamardeen dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti gbàgbé ohun tó wá rà.

Apẹja Ẹ̀pẹ́ ni. Ó ń wá ohun ìdáná kékeré tí yóò máa gbé lọ sí àgọ́ àwọn apẹja ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí òjò kì í jẹ́ kí igi gbẹ. Gáàsì kékeré kan ló nawọ́ sí. Sọ̀fíyàt, orúkọ ọmọbìnrin náà nìyẹn, bi í léèrè ibi tí yóò ti rọ gáàsì bí èyí bá tán sórí omi. Ó ní èédú náà kò ní ṣe é, òjò yóò rẹ ẹ́. Ó wá gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì fún un, pẹ̀lú páànù tí òun fúnra rẹ̀ gé láti fi dí atẹ́gùn.

"Àbí torí pé èyí ló wọ́n jù ni?" Qamardeen fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Rárá, òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ ó padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó padà wá lóòótọ́. Ó dúpẹ́, ó ra òwú tí kò nílò, lọ́sẹ̀ kejì ó tún ra òmíràn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé kì í ṣe òwú ló ń wá.

Bàbá Qamardeen, Alàájì Sàlímọ́nù, ni kò gbà. Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti wọkọ̀ kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ etí omi ni wọ́n ń fẹ́. Ọmọ Ìwó tó ń háyà ilé n'Íkòròdú, kí ló mọ̀ nípa ọ̀sà? Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nílé wọn: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ dáná fún bàbá ọkọ ní àgọ́ apẹja. Alàájì ní kí Sọ̀fíyàt wá. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá jinná, òun gbà. Bí kò bá jinná, kí Qamardeen gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá wọn wọkọ̀, òun àti Baseerah, àbúrò Qamardeen lóbìnrin. Wọ́n dé àgọ́, ó fọ ẹja, ó gbé sítóòfù kalẹ̀. Baseerah gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì wá. Sọ̀fíyàt ṣí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì dé e padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní fi èyí dáná."

Alàájì ní ṣé iná tí wọ́n torí ẹ̀ pè é náà ni kò ní dá. Qamardeen tẹ̀ sétí Sọ̀fíyàt, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà tàn án. Omijé lé ròrò sójú Sọ̀fíyàt, nítorí òun náà mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ kò yí ohùn padà.

Ó da kẹrosíìnì náà ìwọ̀nba ìdérí ìgò kan sórí yanrìn, ó ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, ó ṣá ìṣáná, ó jù ú sí i láti òkèèrè. Ìṣáná kò tíì balẹ̀ tí iná fi sọ lálá.

Alàájì fúnra rẹ̀ ló ra kẹrosíìnì náà. Inú kẹ́ẹ̀gì tó fi ń gbé pẹtiróòlù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló rọ ọ́ sí, kò ro ti ìṣẹ́kù tó wà nísàlẹ̀. Ó wo yanrìn tó ń jó, ó wo ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Gàrí tútù ni wọ́n mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Alàájì ló fọwọ́ ara rẹ̀ po ti Sọ̀fíyàt.

"Oúnjẹ ò jinná," ni bàbá wí, "àmọ́ gbogbo wa la wà láàyè tá a fi ń mu gàrí. Mo gbà."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń bá padà, Qamardeen kò lè wo Sọ̀fíyàt lójú.

"Èmi náà ni mo ní kí o tàn án, Sọ̀fí."

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, olówó orí mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ gbé ẹrù ìdána wá sí Ìtamaga, kẹ́ẹ̀gì funfun tuntun kan wà láàárín aṣọ àti Kùránì. Alàájì ti fi ọ̀dà kọ̀wé sí i lára: Ti ìyàwó wa ni o, ẹ má rọ epo ọkọ̀ sí i.