Àpẹẹrẹ Tíṣà

"Pa á rẹ́! Mo ní kí o pa á rẹ́ kí n tó fi àga fọ́ pátákó yìí!"

Aránṣọ kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Téépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá pàdé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ ni, àfi bí ó ṣe rí ohun tó wà lójú pátákó láti ẹnu ọ̀nà.

"Give up" ni Tíṣà ń ṣàlàyé: kí èèyàn jáwọ́ nínú nǹkan, kí ó juwọ́ sílẹ̀, kí ó yọ̀ǹda ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àpẹẹrẹ ìkẹta ló burú: She gave up her baby. Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́. Àbúrò aránṣọ, àbígbẹ̀yìn ilé wọn, wà níwájú, ó ń dà á kọ.

"Ìfẹ́ mi, mi ò dárúkọ ẹnì kankan."

"Ta ni kò mọ 'she' tìrẹ ní kíláàsì yìí?"

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí aránṣọ ti wá forúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, tí ojú Tíṣà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, òun nìkan ni àpẹẹrẹ. Bí ó ra bàtà, kíláàsì á gbọ́. Bí ó bínú, wọ́n á dà á kọ. Ó sì máa ń dùn mọ́ aránṣọ nínú!

"Tíṣà, ẹ yáa kúnlẹ̀ o!" Onígbàjámọ̀ kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ mi ló ṣáà kọ ọ́," Tíṣà ń kólòlò. "Mi ò rò ó."

"Ìwọ nìkan ni mo finú hàn! O ní tí a bá ti ṣègbéyàwó, àwa méjèèjì la jọ máa sọ fún un!"

Ọ̀rọ̀ ti jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀.

Àbúrò rẹ̀ dìde. "Ta lẹ fẹ́ sọ fún, Àǹtí?"

Tíṣà ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu pátákó bí ẹni tí iná ń jó.

"Màámi ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí kí wọ́n tó bí mi. Àdúgbò ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àǹtí, ẹ wò mí lójú."

"Èmi ni mo bí ọ." Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú. "Ọmọdé lèmi náà nígbà yẹn. Màámi ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ fáwọn. O máa wá bá wa gbé, ọmọ mi. Mo ti rán kọ́tìnnì yàrá rẹ."

Ọmọbìnrin náà rọra kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

"Ìyá mi wà nílé, wọ́n ń dúró dè mí ká jọ jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún mi, Àǹtí."