Táyà Fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ń Ha Ara Ọkọ̀

"Háà! Ọkọ̀ yìí mà dúró gìdìgbà o! Ṣé tìẹ náà nìyí?"

Fáàrí, télọ̀ tó máa ń múra bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò, rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i ni. Oníṣẹ́ táyà kìlọ̀ fún un pé, "Ọ̀gá, àyè ibí ò gbà á o," àmọ́ Fáàrí ní kó ṣáà máa dè é.

Tó bá dá wà nínú ọkọ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó ń gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ kún ẹ̀yìn fọ́fọ́, ara ọkọ̀ sì rẹlẹ̀. Bó ṣe yà ní kọ́nà báyìí, nǹkan ha kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ wa, kí ló ń dún?" ni màmá bi í.

Fáàrí mọ̀ pé táyà ni. Àmọ́ ta ló fẹ́ tẹ́ lójú àna?

"Òkúta ni, mà." Ó sì ń sáré lọ.

Kò pẹ́ tí táyà iwájú fi bẹ́ gbòà! Ọkọ̀ já sí kòtò. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ọwọ́ màmá kán.

Ní ọsibítù, màmá ló tún ń tu Fáàrí nínú. "Má da ara ẹ láàmú, ọkọ wa. Ọ̀nà ni ò dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á ju èébú lọ.

Ẹ̀gbọ́n Fáàrí obìnrin, tó ń wa tírélà, bá a lọ wo ọkọ̀ náà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin tó bo táyà.

"Àbúrò, wò ó, ó ti ń dán bí ọ̀bẹ tí wọ́n pọ́n. Òun ló gé táyà yìí. Tí èrò bá kún, ọkọ̀ á wálẹ̀. Tó o bá wá yà, táyà á lọ kan irin. Ṣé o ò gbọ́ ariwo ẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, àǹtí mi. Ojú ló tì mí láti dúró."

"Ṣé ojú ò wá tì ọ́ báyìí?"

Fáàrí padà sí ọsibítù. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. "Mà, kì í ṣe ọ̀nà. Táyà ni, mo sì mọ̀. Mo purọ́ fún yín."



"Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn," ni màmá sọ, ó sì kọjú sí ògiri. Kò tún pè é ní ọkọ wa lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ìwọ̀n táyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ máa lò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn àyè tó wà, kó sì dán an wò pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì dópin. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ tó ń ha, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹnì yòówù kó jókòó tì yín.